Ìkòkò Ọbẹ̀ àti Ìpín Ọmọdé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ wa ní Òkè-Fìà, Òṣogbo)

Nínú ìpàdé wa, a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ oríkì, a ti gbọ́ ti ilà àti ti aṣọ òfì. Lónìí a bẹ̀ yín kí ẹ bá wa sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣà wa tí a kò kọ sínú ìwé wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀wọ́n ọjà ti kọ́kọ́ ń kan ìdílé.

Kò sí ẹni tí a ní láti sọ fún pé ọjà gbóná. Àjọ ìjọba tí ń ṣírò irú nǹkan báyìí wí pé owó oúnjẹ ní oṣù Òkúdù ọdún 2024 fi nǹkan bí 41 nínú 100 lé sí ti oṣù kan náà ní ọdún 2023. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024 ni òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Bí baba ọlọ́mọ mẹ́rin bá mú nínú irú owó bẹ́ẹ̀ san owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó ilé ìwé, kí ni ó kù fún ìkòkò ọbẹ̀? Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn fi ń wí pé oúnjẹ tí ń ṣe ara lóore kì í ṣe ti tálákà mọ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a rí ni pé a ń ju èyí tí ó kún fún oore nù, a sì ń fi owó ra èyí tí ó ṣófo.

Ẹ wo irú. Ìyá wa kò mọ ọbẹ̀ tí a ń sè láìsí i. Lónìí, ọmọ wa tí ó kàwé ní òórùn rẹ̀ kò bá òun lára mu, ó sì fi màgí rọ́pò rẹ̀. Ẹyọ màgí kan kò wọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Irú ní tirẹ̀ jẹ́ èso igi tí a sè, tí a bò mọ́lẹ̀ kí ó lè wú, ó sì ní èròjà tí ń mọ ara gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wà ti ní i. Ẹ wo ẹ̀fọ́ pẹ̀lú. Ní ìgbà òjò, tẹ̀tẹ̀, gbúre, ẹ̀bọ̀lọ̀ àti wọ̀rọ̀wọ́ kún Ọjà Ọba, òmíràn tilẹ̀ ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí a bá sì rà á tán, a ó bọ̀ ọ́, a ó fún un bí aṣọ tí a fọ̀, a ó da omi rẹ̀ sí kòtò, àti púpọ̀ nínú oore rẹ̀ pẹ̀lú. Ewúro nìkan ni a lè dáríjì fún èyí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àgbàdo. Ègbo ni gbogbo ọkà náà, àti èèpo àti ojú rẹ̀. Ẹ̀wà àti ègbo sì jẹ́ oúnjẹ tí ọba pàápàá lè jẹ láìtijú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá lọ ògì tí a sẹ́ ẹ, ojú ọkà náà a máa bá èérí lọ, a ó sì kó èérí fún ewúrẹ́. Ìdí nìyí tí ewúrẹ́ fi ń dán ní àgbàlá kan tí ọmọ ibẹ̀ kò dán. Ti ọmọ ilé ìwé tí ń fi owó òwúrọ̀ ra bisikíìtì àti Indomie, ìyẹ̀fun funfun, òróró àti iyọ̀, a kò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ sì mọ ẹni tí ó fún un lówó.

Títí dé ibi yìí inú yín dùn, nítorí à ń yin àwọn baba wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí kì yóò dùn mọ́ yín.

Àwọn baba wa pe iyán ní oúnjẹ, wọ́n pe ọkà ní oògùn, wọ́n sì ní àìrí rárá ni a fi ń jẹ ẹ̀kọ. Ó dára. Ẹ̀kọ náà, èyí tí àgbà ń jẹ nígbà tí kò bá rí nǹkan mìíràn, kí ni a fi í ṣe? Òun ni a fi ń wo ọmọ ọwọ́! Omi ẹ̀kọ ní òwúrọ̀, omi ẹ̀kọ ní alẹ́, títí a ó fi gba ọmú lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí ń ti ibẹ̀ wá kì í ṣe ìtàn àlọ́. Ní ọdún 1933, obìnrin oníṣègùn kan, Cicely Williams, kọ̀wé láti ilẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí, nípa àìsàn kan tí ń mú ọmọ wú lẹ́sẹ̀, tí ń sọ irun rẹ̀ di pupa, tí kì í sì í jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín. Kwashiorkor ni àwọn Ga ń pè é: àìsàn tí í mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Àgbàdo nìkan ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọmọ náà. Kí ẹ má sì rò pé ọ̀nà jìn: ní ọdún 1956 ni David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí gbogbo wa mọ̀ sí ilẹ̀ oníyán. Wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n ń fa ìlà ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, ìyá a sì mú káàdì náà lọ sí ilé. Ìlà náà a máa gòkè dáradára ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, nígbà tí ọmú tó ọmọ. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí ó di dandan kí ó jẹun, ọ̀pọ̀ ìlà a dúró, òmíràn a sì sọ̀kalẹ̀. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Ó yẹ kí a máa yangàn nítorí rẹ̀. Ó sì yẹ kí a rántí ohun tí ó fi hàn nípa wa.

Nítorí kì í ṣe àìsí oúnjẹ nínú ilé nìkan ni. Bí a ti ń pín in ni. Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin yóò di olè. Bóyá ó ní ìdí nígbà náà, nítorí ẹyin òní ni adìẹ ọ̀la, ọmọ ìgbà náà a sì máa rí ìrẹ̀, akàn àti èsunsun mú jẹ nínú oko. Ọmọ Òkè-Fìà kò rí ìrẹ̀ mú. Síbẹ̀ baálé ni ó ń gba ẹran, ọmọ ní omi ọbẹ̀.

Àwa tí a ń wàásù, tí a sì ń kọ́ àwọn olùkọ́, kò sàn ju yín lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan a ka ẹran inú ìkòkò wa: márùn-ún ni. Mẹ́ta wà nínú àwo tiwa, a sì ti gbàdúrà lé e lórí. Ọmọ ọmọ wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì ń fi òkèlè ra ìsàlẹ̀ abọ́ tirẹ̀. Ojú tì wá.

Kò sí owó tuntun nínú ohun tí a ń wí. Nínú ìwọ̀n 100 ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bí 23 jẹ́ èròjà tí ń mọ ara. Ti iṣu kò ju nǹkan bí 2 lọ, ti gàrí kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà tí a sè rọ̀, tí a rún, tí a bu epo pupa díẹ̀ sí, tó fún ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà, kí ó sì máa mu ọmú lọ. Edé tàbí ẹja ṣáwá tí a yan, tí a mú egungun rẹ̀ kúrò, tí a sì gún kúnná, ṣe é bù sí ẹ̀kọ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tí ó wà ní Òṣòdì ti fi hàn tipẹ́ pé a lè pa sóyà pọ̀ mọ́ ògì: ìpín méje àgbàdo, ìpín mẹ́ta sóyà tí a bó, tí a sì sè jinná kí a tó lọ̀ ọ́, nítorí sóyà tútù kì í dà nínú ọmọ. Bí ẹyin bá sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú ilé, ti àbíkẹ́yìn ni.

Ìjòyè kan bi wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí pé, kí ni kí baálé wá fi jẹ iyán? A dá a lóhùn pé ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú irú ń bẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tíì wí pé òun gbà.

A bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí ọmọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ béèrè káàdì ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní alẹ́ òní, kí ẹ sì gbé e sún mọ́ iná. Bí ìlà rẹ̀ bá ti dúró lójú kan fún oṣù méjì, ẹ bá ìyá náà gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ ìwọ̀n tí ó súnmọ́ jù lọ. Ẹ̀yin fúnra yín ni a ní kí ẹ lọ.