Iṣan Òṣìṣẹ́ àti Ọ̀rá Ara

Àsọyé tí a sọ fún àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Johannesburg

 Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti owó ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ó kan ohun tí òṣìṣẹ́ fi ń wá àwọn méjèèjì. Agbára ni òṣìṣẹ́ ń tà, inú iṣan ni agbára náà sì ń gbé. Nígbà tí ara bá sanra ju bí ó ti yẹ lọ, tí ọ̀rá sì wọ inú iṣan, kí ni ó ń ṣe níbẹ̀? Ìbéèrè náà nìyẹn.

Ìlú tí a wà yìí yẹ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wúrà ni ó bí Johannesburg ní 1886, agbára iṣan àwọn tí ń wa kùsà ni ó sì gbé e dìde. Nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n kó àwọn aláwọ̀ dúdú lọ sí Soweto àti àwọn àdúgbò mìíràn tí ó jìnnà sí ibi iṣẹ́. Ìjọba náà ti lọ, ọ̀nà kò súnmọ́ sí i. Títí di òní, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti lọ tò síbi tí wọ́n ti ń wọ takisí. Ta ni yóò se oúnjẹ ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀? Amagwinya ni wọn yóò rà lẹ́bàá ọ̀nà, ìyẹ̀fun tí a fi òróró dín, ìbátan pọ́fù-pọ́ọ̀fù tiwa. Bí ó bá di ọ̀sán, ó di kota: ìdá mẹ́rin odindi burẹ́dì kan, tí a gbẹ́ inú rẹ̀, tí a fi pòtétò díndín àti ẹran polony dí i padà. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni a ó fi sìn ín lọ sí ikùn. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń yó ni. Èmi kò ní í bú ẹni tí ó ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba South Africa ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 1998, obìnrin 56 nínú 100 ni ìwúwo wọn ti kọjá ààlà. Nígbà tí wọ́n tún ṣe é ní 2016, ó ti di 68 nínú 100, a sì lè pe 41 nínú wọn ní ẹni tí ó sanra ní ìwọ̀n àrùn. Ti ọkùnrin jẹ́ 31 nínú 100, 11 péré ni ó sì dé ìwọ̀n àrùn. Ẹ fi ọkàn sí ìyàtọ̀ yìí. Àwọn obìnrin tí ń tọ́jú ilé onílé, tí ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, tí ń jókòó gba owó nínú ilé ìtajà ńlá, àwọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Ìdí mìíràn wà tí a kì í sábà dárúkọ. Ní àwọn ọdún tí àrùn éèdì ń pa ènìyàn ní ìlú yìí, kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn rẹ̀ ní 2004, ẹni tí ó bá rù ni aládùúgbò ń fura sí. Sísanra wá di ẹ̀rí pé ara le. Lọ́dọ̀ tiwa náà, bí ẹnì kan bá sanra, a ó ní owó ti yí i lára. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà nìkan. Ọ̀rọ̀ bí ẹ̀dá ṣe ń fẹ́ kí ojú rere wo òun ni.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí iṣan jẹ́ kí a tó lọ jìnnà. Lára ẹni tí kò sanra jù, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ìwúwo ara ni iṣan tí a fi ń rìn, tí a fi ń gbé ẹrù. Èròjà amúaradàgbà ni a fi mọ ọ́n. Ẹ má ṣe rò pé bí a ti mọ ọ́n lẹ́ẹ̀kan ni ó parí. Ó dà bí ilé alámọ̀ ayé àtijọ́: òjò ń wẹ̀ ẹ́, onílé ń rẹ́ ẹ. Lójoojúmọ́ ni ara ń wó díẹ̀ nínú iṣan, tí ó sì ń fi èròjà amúaradàgbà inú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran mọ òmíràn dípò rẹ̀. Bí mímọ bá dọ́gba pẹ̀lú wíwó, iṣan dúró. Bí wíwó bá ju mímọ lọ, iṣan ń joro, bí onítọ̀hún tilẹ̀ ń tóbi sí i lójú ayé.

Iṣan yìí kan náà ni ààrò tí ó tóbi jù lọ nínú ara. Lẹ́yìn tí a bá jẹun tán, ṣúgà a wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà kékeré kan tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ a rán ìránṣẹ́ kan jáde, tí a ń pè ní ínsúlínì, kí ó lọ kan ilẹ̀kùn iṣan pé kí wọ́n ṣí, kí ṣúgà wọlé. Iṣan ni ó ń gba apá tí ó pọ̀ jù nínú ṣúgà tí ìránṣẹ́ náà bá kó wá. Ìránṣẹ́ yìí kan náà ni ó ń dá wíwó iṣan dúró lẹ́yìn oúnjẹ. Iṣẹ́ méjì ni ó ń jẹ́ nígbà kan náà.

Ara ní ibi tí ó ń kó ọ̀rá pamọ́ sí, lábẹ́ awọ, ní ìdí àti itan. Nígbà tí ibẹ̀ bá kún tí kò gbà mọ́, ọ̀rá a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé onílé wọ̀: inú ẹ̀dọ̀, àárín ìfun, àti inú iṣan gan-an. Àwọn èérún ọ̀rá tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan ní ń dí ọ̀nà mọ́ ìránṣẹ́. Ó kan ilẹ̀kùn, wọn kò gbọ́ dáadáa. Ṣúgà dúró sí ìta, nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà tí ó rán ínsúlínì a tún rán púpọ̀ sí i, ọdún a máa gorí ọdún, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ tán, àtọ̀gbẹ dé.

Nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan, àwọn ìdáná kéékèèké wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní máítókọ́ńdíríà. Ìdáná tí ó yè kooro lè fi igi dáná, ó sì lè fi kẹrosíìnì dá a. Lóru, nígbà tí a kò jẹun, ọ̀rá ni ó ń sun. Bí a bá jẹun tán, a yí sí ṣúgà. Ní 1999, David Kelley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà fi hàn pé iṣan àwọn tí ó sanra jù kò mọ yíyí yìí ṣe mọ́. Kì í sun ọ̀rá tó nígbà tí ebi ń pa á, kì í sì í gba ṣúgà dáadáa lẹ́yìn oúnjẹ. Oúnjẹ wà nílé, iná kò jó. Ọ̀kan nìyí nínú ohun tí ó ń mú kí ó rẹ ènìyàn ní àtẹ̀gùn kejì, tí ọ̀gá yóò sì ní ọ̀lẹ ni.

Ti èròjà amúaradàgbà ńkọ́? Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọ̀dọ́ ní 170 gíráàmù ẹran ẹlẹ́dẹ̀ jẹ, èyí tí èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ jẹ́ 36 gíráàmù. Ẹran kan náà, ìwọ̀n kan náà. Lára àwọn tí ara wọn ṣe déédéé, mímọ iṣan gbéra sókè lẹ́yìn oúnjẹ náà. Lára àwọn tí ó sanra jù, kò gbéra tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìwádìí ni ó rí ohun kan náà, ó sì yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ a lè rí i pé onílé lè ra amọ̀, kí ọ̀mọ̀lé má sì ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

Àwọn kan a máa sọ pé ẹni tí ó sanra, ara rẹ̀ kì í jó oúnjẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ara ńlá ń jó oúnjẹ ju ara kékeré lọ, gẹ́gẹ́ bí ilé ńlá ti ń gba àtùpà púpọ̀. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó tóbi ni ó lágbára. Òótọ́ ni pé iṣan rẹ̀ lè pọ̀, nítorí ẹrù ara rẹ̀ ni ó ń gbé tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n bí a bá pín agbára náà sórí ìwúwo rẹ̀, kò tó nǹkan. Mo sì bẹ̀ yín nípa tíì amúnirù tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀. Ẹni tí ó fi ebi nìkan lé ọ̀rá jáde, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ó sọ nù kì í ṣe ọ̀rá. Iṣan wà nínú rẹ̀.

Ilẹ̀kùn mìíràn wà, mo sì fẹ́ kí ẹ mú èyí lọ sílé. Nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ó lè ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láìdúró de ínsúlínì. Ní Cape Town, Julia Goedecke, Amy Mendham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó sanra jọ, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ 12, tí ó ní ìrìn kíkan àti gbígbé nǹkan wúwo nínú. Ìwúwo wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Síbẹ̀ ínsúlínì wọn ṣiṣẹ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ìdáná inú iṣan wọn sì gbiná. Ìwọ̀n kò mọ ohun gbogbo.

Ẹnì kan yóò sọ pé, ṣé iṣẹ́ tí a ń ṣe kò tó eré ìdárayá ni? Fún ẹni tí ń ru sìmẹ́ńtì, ó lè tó. Ọlọ́dẹ tí ó dúró lójú kan fún wákàtí 12, awakọ̀ tí ó jókòó láti àárọ̀, ìwọ̀nyí ń rẹ̀ láìjẹ́ pé iṣan wọn ṣiṣẹ́. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ òru tún ní ìṣòro kún un, nítorí ínsúlínì kì í ṣiṣẹ́ lóru bí ó ti ń ṣe lọ́sàn-án. Burẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní aago méjì òru kì í ṣe oúnjẹ tí ó yẹ kí iléeṣẹ́ máa fún ènìyàn.

Níbi tí ó ti kan ẹgbẹ́ nìyí. Ní oṣù kẹrin 2018, South Africa fi owó orí lé ohun mímu oníṣúgà. Kí ó tó kọjá, FAWU, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ oúnjẹ, kọ̀ ọ́ nítorí iṣẹ́ tí ó lè bọ́. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀tàn. Lẹ́yìn òfin náà, ṣúgà tí àwọn ìdílé ń rà nínú irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ dín kù gan-an. Nàìjíríà náà ti fi náírà 10 lé lítà kan nínú òfin ìnáwó 2021. Èrò tèmi ni pé ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ yan ọ̀kan nínú iṣẹ́ àti ara. Kí ó béèrè pé nínú owó orí náà, èló ni yóò padà sọ́dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn?

Nínú àdéhùn yín pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́, ẹ béèrè fún ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja nínú oúnjẹ iléeṣẹ́, kí iṣẹ́ òru sì wà lára rẹ̀. Ẹ béèrè fún àkókò ìsinmi tí ó tó láti rìn. Ẹni tí ó bá ní kí òṣìṣẹ́ máa jẹ ẹja, kí ó kọ́kọ́ wo iye owó oṣù rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ bá sì fẹ́ máa yẹ ara yín wò, ẹ rántí pé òfin ìdọ́gba lẹ́nu iṣẹ́ ti South Africa ní 1998, ní ẹsẹ̀ 7, kò gba ọ̀gá láyè láti kàn máa yẹ ara òṣìṣẹ́ wò bí ó bá ti wù ú. Kí àyẹ̀wò ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà, kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí àbájáde rẹ̀ wà láàárín òṣìṣẹ́ àti nọ́ọ̀sì. Ọ́fíìsì ọ̀gá kọ́ ni ibi tí ìwé náà ń gbé.

Àkókò tí wọ́n fún mi ti tó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ òru ná, nítorí wọn yóò tètè lọ.