Ẹṣin Ogun àti Ìjánu Rẹ̀: Ìwà tí Iṣẹ́ Ológun ń Béèrè

Ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ ogun lábẹ́ Òkè Asabari, òkè tí àwọn baba wa gbà pé ó dáàbò bo ìlú Ṣakí yìí, ó yẹ kí ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ wọṣẹ́ ológun máa ń bi mí ni ó gbé mi wá: kí ni ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní? Bí wọ́n ti ń béèrè ni wọ́n ń na apá wọn hàn mí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti wí pé alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn baba wa ń béèrè lọ́wọ́ jagunjagun. Láyé Ọ̀yọ́ Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́, àwọn akọni olóyè ogun, mẹ́wàá mẹ́wàá lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje, ìgbìmọ̀ Aláàfin. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, jẹ́ kí ó yé wa pé oyè yìí kì í ṣe oyè ìdílé. Ẹni tí a ti dán wò tí kò yẹ̀ ni a ń fi jẹ ẹ́. Èèwọ̀ ni kí a bá ọfà ní ẹ̀yìn Ẹ̀ṣọ́, nítorí iwájú ni a ti ń bá a. Olórí gbogbo wọn, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kì í gbé ohun ìjà lọ sójú ogun, ọ̀pá àṣẹ Aláàfin nìkan ni ó ń mú lọ́wọ́. Bí oṣù mẹ́ta bá sì pé, yálà kí ó ti ṣẹ́gun, tàbí kí a gbé òkú rẹ̀ wálé.

Bí ìgboyà nìkan bá tó, Àfọ̀njá, Kakaǹfò tí ó jókòó sí Ìlọrin, kì bá tí ṣubú. Nígbà tí Aláàfin Aólẹ̀ rán an lọ sí Ìwéré, nínú Òkè-Ògùn wa níhìn-ín, ìlú olódi tí apá kò ká, àwọn ìjòyè ogun dìtẹ̀ mọ́ ọba tí ó rán wọn, Àfọ̀njá sì wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ó kó àjèjì jọ láti fi wọ́n ṣe agbára, kò sì lè kó wọn níjàánu mọ́ títí wọ́n fi kọjú ìjà sí i. Akin ni, ó kú bí akin. Ọ̀kọ̀ àti ọfà tí ó gún un pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò lè wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgboyà dà bí ẹṣin: ẹṣin tí kò ní ìjánu, bí ó ti wù kí ó yára tó, àárín ọ̀tá ni yóò gbé olówó rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ọmọdé kan tí ó ní ìjánu hàn yín. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní 1942, olùtọ́jú aláìsàn ni wọ́n sì fi ṣe. Ní oṣù kẹta 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní àfonífojì Kaladan ní ilẹ̀ Bọ́mà, ìbọn àwọn ará Japan fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Sierra Leone, sá pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án ní àgbègbè tí ọ̀tá gbà, tí àwọn àgbẹ̀ abúlé fi ẹ̀mí ara wọn wéwu láti bọ́ wọn, títí ìgbàlà fi dé. Apá wo ni ó lè na níbẹ̀? Sùúrù ni ó fi jagun, àti ọ̀rẹ́ tí kò fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Ṣakí, kí ẹ tó lọ fi àyà yín hàn àwọn tí ń gba ọmọ ogun, ẹ kọ́kọ́ wo ara yín ní oko iṣu baba yín. Ẹni tí ó ń kọ ebè títí dé òpin poro nínú oòrùn ọ̀sán, tí ó gba ìbáwí láìfèsì, tí ó sì dúró de ẹnìkejì rẹ̀ tí ó rẹ̀ kí wọ́n jọ wálé, ti fi ìjánu sí ẹnu ẹṣin rẹ̀ ná. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí a gbé ohun ìjà lé lọ́wọ́.