Ilé Ìṣọ́ Onígi Orí Òkè Telegraph: Àmì àti Àwọn Tí Ń Kà Á

Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé àmì kì í dá sọ̀rọ̀. Àwùjọ tí ó mọ̀ ọ́n kà ni ó ń fún un lóhùn. Ilé onígi kan tí kò sí mọ́ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọdún 1848 ni a rí wúrà ní Kalifóníà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìlú San Francisco, tí àwọn ará rẹ̀ kò ju bí 1,000 lọ nígbà náà, ti ní tó 25,000 kí ọdún 1849 tó parí. Ojú omi ni ọ̀pọ̀ ọjà àti lẹ́tà ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n òkè dí wọn lójú: ẹni tí ó wà ní èbúté kò lè rí ọkọ̀ tí ń ti ẹnu òkun wọlé bọ̀. Nítorí náà ni a ṣe kọ́ ilé onígi alájà méjì sí orí òkè náà ní 1849, tí a sì ri òpó gíga kan tí ó ní apá méjì síbẹ̀. Bí alóre bá ti rí ọkọ̀, yóò gbé apá wọ̀nyí sí ipò tí ó bá irú ọkọ̀ náà mu. Ẹ̀rọ alápá yìí, kì í ṣe ti wáyà, ni ó fún òkè náà ní orúkọ Telegraph.

Ìtàn kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ. Òṣèré kan na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láàrin eré, ó sì béèrè ìtumọ̀ ohun tí ó rí. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, “Ọkọ̀ alákẹ̀kẹ́ ni!” Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Nínà apá méjèèjì ni àmì ọkọ̀ eléèéfín tí ó ní kẹ̀kẹ́ ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àlejò tí ó dé lọ́jọ́ náà kò ní rẹ́rìn-ín. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi.

Ní 1853, a fa wáyà láti Point Lobos, létí òkun gan-an, wọ ìlú. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ apá méjèèjì. Ìjì wó ilé náà ní 1870. Ní tèmi, ó ti dákẹ́ kí ìjì tó dé, nítorí kò sí ẹni tí ó tún ní ìdí láti máa wòkè. Ilé ìṣọ́ oníkọnkéré tí a parí ní 1933, Coit Tower, ni ó wà níbẹ̀ lónìí. Kò rán ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo àrokò tiwa. A lè to owó ẹyọ àti ìyẹ́ sínú gíláàsì ní mùsíọ́ọ̀mù kí wọn má bàjẹ́. Bí a kò bá kọ́ ọmọ wa bí a ti ń kà á, okùn àti ìyẹ́ lásán ni a tọ́jú. Kíkà ni ogún; igi kì í ṣe ogún.