Ààlà Àpápá àti Ajégúnlẹ̀: Kí Ni Ó Ń Lé Àwọn Ọmọ Wa Lọ sí Òkè Òkun?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀rọ̀ tí kò sí agbo ilé tí kò kàn. Kí ni ó dé tí àwọn ènìyàn wa fi ń fi ilé sílẹ̀ lọ sí òkè òkun? Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà bí ẹni tí ń ka ìràwọ̀, ibì kan pàtó ni n ó ti wò ó: Boundary, níbi tí Àpápá parí sí, tí Ajégúnlẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Èkó.

Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí, kí ó fi ojú inú wò ó. Ààlà ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ààlà ni ó sì jẹ́ ní tòótọ́. Ní apá kan ni Àpápá wà, pẹ̀lú ilé ńláńlá inú ọgbà, àti èbúté tí àwọn ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù sí láti ọdún 1926. Ní apá kejì ni Ajégúnlẹ̀ wà, níbi tí odindi ìdílé ti ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo, tí Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ̀, Ùròbò àti Haúsá sì jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan. Ẹ wo orúkọ ìlú náà dáadáa. Ajé ni ó gúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ọkọ̀ tí ó dé èbúté. Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá Àpápá ni ó gúnlẹ̀ sí. Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ń rí nínú rẹ̀ ni kọ̀ǹténà tí ọkọ̀ ńlá ń gbé kọjá lọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ sí Boundary láti gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí èdè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣe alábàárù nínú ọjà ni ó ń mú mi kiri. Nígbà tí a parí iṣẹ́, ó sọ fún mi pé òun ń wá ọ̀nà láti bá ọkọ̀ òkun lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní ìyànjú. Mo ní, “Àbúrò mi, àjò kì í dùn kí onílé má re ilé.” Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú o, ọ̀gá. Níbo ni ẹ̀yin ti kàwé tí ẹ fi di ọ̀mọ̀wé?” Mo ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ó ní, “Ẹ ṣé, sà.” Kò sọ ohun mìíràn mọ́. Ìdáhùn tí n kò rí fún un ní ọjọ́ náà ni mo ń wá láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ọ̀nà tí ó fẹ́ tọ̀. Nínú òkun Àtìláńtíìkì, àwọn erékùṣù kan wà tí a ń pè ní Canary. Ìjọba Spéìnì ni ó ni wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí ó sún mọ́ Áfíríkà jù lọ nínú wọn kò jìnnà sí etíkun Mòrókò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ. Lọ́dọọdún, àlejò tí iye wọn lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ń lọ síbẹ̀ fún ìsinmi, Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì ti ń wá. Wọn a fi awò bo ojú, wọn a ki ọ̀pá ìmí bọ ẹnu, wọn a dojú dé omi, wọn a sì máa wo ẹja àti òkúta ìsàlẹ̀ òkun fún ìgbádùn. Bí ìsinmi bá parí, wọn a wọ bààlúù, wọn a padà sí ilé.

Ní ọjọ́ 28, oṣù kọkànlá, ọdún 2022, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Alithini II wọ èbúté Las Palmas ní Gran Canaria, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù wọ̀nyí. Èkó ni ó ti ń bọ̀, ọjọ́ mọ́kànlá ni ó sì fi rìn. Ọkùnrin mẹ́ta ni a bá ní ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, tí wọ́n jókòó lé ìtọ́kọ̀, èyíinì ni irin ńlá tí a fi ń darí ọkọ̀, omi òkun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ wọn. Òùngbẹ àti òtútù ti mú wọn débi pé ilé ìwòsàn ni a gbé wọn lọ.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí àwọn mẹ́rin mìíràn tún gun ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ Ken Wave ní Èkó, ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2023. Yúróòpù ni wọ́n rò pé ọkọ̀ náà ń lọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n lò. Ní ọjọ́ kẹwàá, oúnjẹ àti omi wọn tán, omi òkun ni wọ́n sì ń mu. Nígbà tí a yọ wọ́n, Vitória ní ilẹ̀ Bràsíìlì ni wọ́n bá ara wọn. Àwọn méjì bẹ̀bẹ̀ kí a dá àwọn padà sí ilé. Àwọn méjì yòókù bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí àwọn dúró.

Òkun kan náà ni. Ẹni kan lọ síbẹ̀ láti wo ẹja; ẹni kejì, díẹ̀ ni ó kù kí ẹja fi í ṣe oúnjẹ. Kí ni ó mú kí ìrìn àjò wọn yàtọ̀? Kì í ṣe ọgbọ́n, kì í sì í ṣe ìgboyà. Ìwé ìrìnnà ni, àti iye tí owó iṣẹ́ olúkúlùkù tó.

Àwọn kan yóò sọ pé ojúkòkòrò ni, wọn yóò ní àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò fẹ́ràn ilé. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni kò lọ rí nínú wa? Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà ṣòwò títí dé Kumasi àti Tamale. Ní Èjìgbò, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní ọmọ ní Abidjan títí di òní. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni ó di ẹrù wọn. Nígbà tí owó epo dé sí ọ̀dọ̀ wa, àwọn ará Gánà náà wá sí Èkó, títí tí ìjọba Nàìjíríà fi lé wọn ní oṣù kìíní ọdún 1983. Àwọn tí ó kún Ajégúnlẹ̀ pàápàá, ṣebí láti ibòmíràn ni wọ́n ti wá, nítorí iṣẹ́ tí ó wà ní èbúté? Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn bá ti níye lórí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí náírà 460 ni ìjọba fi ń ṣẹ́ dọ́là kan. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ náírà 30,000, èyíinì ni nǹkan bí dọ́là 65. Ní ọdún 2024, ìjọba sọ owó náà di náírà 70,000, ṣùgbọ́n dọ́là kan ti lé ní náírà 1,500 kí ọdún náà tó parí. Owó tí ó ju ìlọ́po méjì lọ ní náírà kò wá tó dọ́là 47 mọ́. Òṣìṣẹ́ kò dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, iye iṣẹ́ náà ni ó dín kù mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé Odion Ighalo, tí ó dàgbà ní Ajégúnlẹ̀, gbá bọ́ọ̀lù dé Manchester United ní ọdún 2020, ẹ má retí pé ìwàásù yóò dá a dúró.

Ẹ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò. Àwọn baba wa a máa sọ pé lágbájá re àjò, ẹni tí ó bá sì re àjò ni a ń retí àbọ̀ rẹ̀. Lónìí, wọ́n ní lágbájá jápa. Ẹran tí a so mọ́lẹ̀ ni a mọ̀ pé ó ń já okùn. Ọmọ tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ bí ẹran ti ń sọ̀rọ̀ okùn, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè ohun tí ó dè é kí a tó bá a wí.

Kí wá ni ìdáhùn mi fún alábàárù Boundary? Èkíní ni pé n kò gbọdọ̀ purọ́ fún un. Lílọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, èmi náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni mo gbà jáde, pẹ̀lú ìwé àṣẹ àti ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Nítorí náà ni mo fi rí ẹnu ọ̀nà gbà wọlé. Ẹni tí ó bá gun ìtọ́kọ̀ lọ, bí kò bá kú sí omi, ó lè jẹ́ ọwọ́ òfo ni yóò bá bọ̀. Ní ọdún 2024 nìkan, ènìyàn 46,843 ni ó gba orí omi wọ erékùṣù Canary láìní ìwé àṣẹ, púpọ̀ nínú wọn láti Málì, Sẹ̀nẹ̀gàl àti Mòrókò. Àwọn tí òkun gbé lọ, ta ni ó kà wọ́n tán?

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ má kan sọ fún ọmọ pé ilé dùn nígbà tí ó mọ̀ pé kò dùn fún òun. Ẹ sọ òtítọ́ nípa ọ̀nà fún un, ẹ fi ìyàtọ̀ àárín ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé hàn án, ẹ sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí yóò níye lórí níbikíbi tí ó bá wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìjọba, ọ̀rọ̀ yín kò pọ̀: ẹ jẹ́ kí ajé tí ó gúnlẹ̀ sí Àpápá kọjá ààlà dé Ajégúnlẹ̀. Nígbà náà, ẹni tí ó bá lọ yóò lọ bí ẹni tí ó re àjò, a ó sì lè máa retí àbọ̀ rẹ̀.

N kò rí ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí ó bá ń wò wá láti ibikíbi, mo kí i. Ìbéèrè rẹ̀ dára ju ìyànjú mi lọ.