Ìyá Àgbà Kríì Tó Kó Ọ̀rọ̀ Àwọn Ìyá Jọ



Saskatoon ní Kánádà, tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá pé sí yìí, wà lórí ilẹ̀ Àdéhùn Kẹfà, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá ìjọba Ọbabìnrin Victoria ṣe ní Fort Carlton lọ́dún 1876. Ahtahkakoop wà lára àwọn olóyè Kríì, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ náà, tó fọwọ́ sí i. Ní ìletò tó ń jẹ́ orúkọ olóyè náà ni wọ́n bí Freda Ahenakew sí lọ́dún 1932. Ìrántí ìyá yìí ni mo gbé wá síwájú yín lónìí, torí ó yẹ kí àlejò mọ àgbà ilẹ̀ tó ń gbé.

Láyé ìgbà tí Freda ń dàgbà, ìjọba Kánádà àtàwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń kó ọmọ àwọn onílẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ òbí lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ń sùn sí. Ó tó 150,000 ọmọ tó gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹgba torí pé wọ́n sọ èdè ìyá wọn. Ọmọ tó jẹgba nítorí èdè, bó bá dàgbà tó bímọ, ẹ̀rù á máa bà á láti fi èdè náà bá ọmọ sọ̀rọ̀. Bí ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ ṣe di ẹni tí kò gbọ́ ara wọn mọ́ nìyẹn.

Freda kò gbà kó rí bẹ́ẹ̀. Abiyamọ ọlọ́mọ méjìlá ni, síbẹ̀ ó padà sílé ìwé, ó kà á dé yunifásítì. Lọ́dún 1984, ó gba oyè ìjìnlẹ̀ kejì ní Yunifásítì Manitoba. Ohun tó kọ ìwé oyè náà lé lórí ni pé inú ìtàn tí àwọn ẹlẹ́dè ń sọ ló yẹ kí ọmọ ti kọ́ gírámà Kríì. Lọ́dún 1992, òun àti onímọ̀ èdè H. C. Wolfart gbé ìwé kan jáde tó kó ìtàn ìgbésí ayé àwọn ìyá àgbà jọ lọ́rọ̀ ẹnu wọn. Èdè Kríì ni wọ́n fi sọ ọ́: iṣẹ́ ilé, ọmọ bíbí, ìyà àti ẹ̀rín. Ọ̀kan lára wọn, Glecia Bear, sọ bí òun àti àbúrò rẹ̀ ṣe sọnù sínú igbó nígbà èwe. Freda papò dà lọ́dún 2011, ṣùgbọ́n ọmọ Kríì tí wọ́n bí lónìí lè ka ohun tí àwọn ìyá yẹn wí.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n nà nílé-ìwé nílẹ̀ Yorùbá torí pé a sọ Yorùbá ní kíláàsì. Níhìn-ín, ẹnikẹ́ni kò na ọmọ wa. Àwa fúnra wa là ń fi Gẹ̀ẹ́sì jí wọn, tí a sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì súre fún wọn lálẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

Àwọn ìyá wa ń wọkọ̀ òfuurufú wá wẹ ọmọ fún wa lọ́dọọdún. Kí wọ́n tó padà sílé, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní oríkì ìdílé, ẹ bi wọ́n ní ọjà tí wọ́n ná, ebi tí wọ́n fara dà, bí ọkọ ṣe fẹ́ wọn. Ẹ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Mo rọ ẹgbẹ́ yìí kó yan ìgbìmọ̀ tí yóò tọ́jú rẹ̀, kí ilé-ẹ̀kọ́ Yorùbá wa ti ọjọ́ Sátidé sì máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà.

Ọlọ́run yóò tẹ́ Ìyá Freda sí afẹ́fẹ́ rere. Àwọn ìyá wa yóò pẹ́ fún wa, ọmọ wa yóò sì gbọ́ èdè lẹ́nu wọn.