Bí Mo Ṣe Wá Ẹni Tó Kọ́kọ́ Ra Chevelle 1970

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń tún mọ́tò ṣe sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka Maryland. Bó ṣe sọ ọ́ la ṣe kọ ọ́.

Akọ̀wé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tèmi kí ọ̀rọ̀ tó kan owó ẹ̀rọ omi. Mo mọ̀ pé owó ẹ̀rọ omi lẹ ń dúró dè, n ò ní pẹ́.

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ pupa yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi mí pé kí ló dé tí mo fi odindi oṣù mẹ́jọ wá òyìnbó kan tí n ò mọ̀ rí, nítorí ọkọ̀ tí mo ti rà, tí mo sì ti sanwó rẹ̀ tán. Ìyàwó mi náà bi mí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Chevelle SS ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1970. Ó wà lára àwọn tí àwọn ará ibí ń pè ní muscle car. Láti ìgbà tí Pontiac ti gbé GTO jáde ní 1964 ni àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti ń ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ inú ọkọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, tí owó rẹ̀ ò sì ga ju ti ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ wò ó bí ẹni gbé ẹ́ńjìnnì bọ̀lẹ́kájà sínú káà tí ẹ fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé. Ti 1970 tó le jù nínú Chevelle, wọ́n kọ agbára ẹṣin 450 sí i lára. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀, 396 ni. 396 yẹn pàápàá, ní ọdún 1970, wọ́n ti fẹ ẹ́ di 402, ṣùgbọ́n wọn ò yí orúkọ padà, torí pé 396 lọ́jà mọ̀. Òyìnbó mọ orúkọ tó ń tajà.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní VIN, kò sọ bóyá SS ni àbí Malibu lásán. Ó sọ pé Chevrolet ni, ó sọ pé ẹnu ọ̀nà méjì ni, ó sọ ọdún, ó sọ ibi tí wọ́n ti tò ó. Lẹ́tà B wà nínú tèmi, ìyẹn ni pé Baltimore níbí ni wọ́n ti ṣe é, ní Broening Highway, iléeṣẹ́ tí wọ́n tì pa ní 2005. Àwọn kan nínú yín ti gba ibẹ̀ kọjá láìmọ ohun tó wà níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ SS, VIN ò mẹ́nu bà á. Nítorí náà ẹnikẹ́ni lè ra Malibu, kó lẹ àmì SS mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn, kó kun ìlà méjì dúdú sórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, kó sì pe owó SS. Wọ́n sì ń ṣe é gan-an. Èmi tí mò ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe, mo ti rí èyí tí ìyá tó bí i gan-an ò ní dá mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ fún àwọn tó ń kó tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sílé. VIN ti ayé ìsinsìnyí dára ju ti ìgbà yẹn lọ. Láti 1981 ó ti di lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún fún gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà níbí. Ẹ ka èkẹwàá, ọdún ọkọ̀ ló ń sọ. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ wádìí bóyá omi ti gbé ọkọ̀ náà rí kí ẹ tó sanwó. Ẹ má dúró kó dé Cotonou kí ẹ tó máa pè mí lóru.

Ó dáa. Ẹni tó ní Ford láti 1967 síwájú, àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ ṣì wà, ẹ sanwó fún ìwé tí wọ́n ń pè ní Marti Report, ẹ ó rí ohun tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ yín àti dílà tí wọ́n gbé e fún. Àwọn oní-Pontiac náà ní tiwọn. Bí Chevrolet bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n tà ní Kánádà, àwọn ará Kánádà tọ́jú ìwé tiwọn. Chevrolet tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà níbí, kò rọrùn láti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tọrọ. Ẹ̀rí tó kù ò ju mẹ́ta lọ: bébà tí àwọn tó ń to ọkọ̀ máa ń gbàgbé sábẹ́ síìtì tàbí sórí táńkì epo, ìwé tí dílà kó fún ẹni tó rà á, àti ẹnu ẹni náà fúnra rẹ̀.

Mo sọ táńkì epo tèmi kalẹ̀. Bébà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ eku ti fi ṣe ilé. Ohun tó ṣẹ́ kù ò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

Mo wá yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí mọ́ ọkọ̀, apá kan VIN ọkọ̀ náà máa ń wà lára rẹ̀. Tèmi ò ní. CE ni wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú 1 àti nọ́ńbà mìíràn. Ìtumọ̀ CE ni pé ẹ́ńjìnnì tí Chevrolet fi rọ́pò ni, lábẹ́ ìwé ìdánilójú. 1 yẹn ń sọ 1971. Ọkọ̀ ọdún 1970, kí ló pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó tó pé ọdún méjì? Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan ní Texas ti ń pè mí pé tí mo bá lè fi hàn pé SS ni, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn, òun á rà á lówó tó jọjú. N ò tíì sọ ọ̀rọ̀ CE fún un. Mo fẹ́ mọ gbogbo òótọ́ kí n tó la ẹnu mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kí ni mo fẹ́ fi orísun ọkọ̀ ṣe, ẹ gbọ́ ti Mustang. Mustang tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ àkọ́kọ́, awakọ̀ òfúrufú kan ní Newfoundland, Stanley Tucker, ló rà á ní April 1964. Ford fúnra wọn ló padà wá bẹ̀ ẹ́. Ní 1966 ló tó gbà, wọ́n fi Mustang tó tẹ̀ lé mílíọ̀nù kan dí i fún un. Èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní mùsíọ́ọ̀mù ní Dearborn lónìí. Ti Steve McQueen ńkọ́, èyí tó wà nínú fíìmù Bullitt? Ọkùnrin kan rà á ní 1974 ní 6,000 dọ́là, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ló ń wà á lọ síbi iṣẹ́. McQueen kọ lẹ́tà sí i ní 1977 pé kó jọ̀ọ́ ta á fún òun, kò dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n lu ọkọ̀ náà ní gbàǹjo ní 2020, ó di mílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Wọ́n tọ́jú lẹ́tà yẹn. Ìwé ni, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé ọkọ̀. Wọ́n ní òfin ò gbà kí wọ́n fún mi lórúkọ ẹnikẹ́ni. Òfin 1994 ni. Ní 1989, ọkùnrin kan tó ń lépa òṣèrébìnrin kan, Rebecca Schaeffer, ti ipasẹ̀ ìwé ọkọ̀ mọ ilé rẹ̀ ní Los Angeles, ó sì lọ pa á lẹ́nu ọ̀nà. N ò bínú sí òfin yẹn. Èmi náà ní ọmọbìnrin.

Torí náà mo ń fẹsẹ̀ rìn padà, láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹnì kejì. Ẹni tó tà á fún mi fún mi lórúkọ ẹni tó tà á fún òun. Ẹni yẹn ti kú, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ wà ní Pennsylvania. Mo pè é. Ó gbọ́ ohùn mi, ó gbọ́ pé Nàìjíríà ni mo ti wá, ó já fóònù. Mo tún pè, ó tún já a. Mo mọ ohun tó rò. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ tó ń ṣe gbájúẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ba orúkọ jẹ́ fún gbogbo wa, ẹni tó bá jí lówùúrọ̀ lọ síbi iṣẹ́ òtítọ́ ló ń jẹ gbèsè rẹ̀.

Mi ò pè mọ́. Mo fọwọ́ kọ lẹ́tà, mo fi àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù mi sí i, mo fi fọ́tò ọkọ̀ mẹ́rin sínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú fọ́tò náà jẹ́ ti ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ búùtù tí n ò mọ ohun tó wà fún. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, màmá náà ló pè mí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Ihò tí ọkọ mi lu nìyẹn, ti eríàlì rédíò CB.” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Láti ìgbà yẹn la ti di ọ̀rẹ́. Ó ní ọkọ òun ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin kan ní ìparí 1973. Kò rántí orúkọ ọmọ náà. Ohun tó rántí ni pé ọmọ olóko búrẹ́dì ìlú wọn ló fẹ́.

Ẹ wo bí ọpọlọ obìnrin ṣe ń ṣiṣẹ́. Orúkọ ti lọ, ẹni tó fẹ́ ọmọ ẹni ṣì wà níbẹ̀.

Orúkọ dílà ṣì wà lórí irin pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ìlú kan náà. Dílà ti kógbá sílé tipẹ́. Mo wakọ̀ lọ síbẹ̀, mo lọ tààrà sí láíbìrì ìlú. Bẹ́ ẹ bá ń wá ẹnikẹ́ni ní ìlú kékeré ní Amẹ́ríkà, ẹ má lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, láíbìrì ni kẹ́ ẹ lọ. Obìnrin tó wà níbẹ̀ bá mi ṣí ìwé ìròyìn ìlú wọn ti 1970 sí 1973, níbi tí wọ́n ti ń kéde ìgbéyàwó. Kò tó wákàtí kan tí a fi rí ọmọ olóko búrẹ́dì, aṣọ funfun ni ó wọ̀, ọkọ rẹ̀ dúró tì í. Ó wá bá mi ṣí ìwé ńlá tí wọ́n máa ń kọ orúkọ gbogbo onílé àti iṣẹ́ wọn sí. Ibi tí wọ́n ti ń rọ irin lọkọ ń ṣiṣẹ́. Mo kọ lẹ́tà mìíràn.

Bàbá náà ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin nígbà tí mo dé ilé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí a ti ń ṣe. Ó rò pé nǹkan mi já bọ́. Kí n tó jókòó dáadáa ló bi mí pé, “Ṣé ẹ́ńjìnnì kejì yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́?”

Ṣé ẹ rí i? Èmi ò tíì dárúkọ ẹ́ńjìnnì.

Ó dé láti ogun Vietnam ní ìbẹ̀rẹ̀ 1970, owó tó fi pamọ́ lójú ogun ló fi ra ọkọ̀. Ní 1971, ó ń bá ẹnì kan sáré lóru, ó já gíà sí èyí tí kò yẹ, ẹ́ńjìnnì náà fọ́, irin yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dílà, ó ní òun kàn ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni ó dédé kú. Olórí àwọn mẹkáníìkì wò ó, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ nǹkan kan, wọ́n fi tuntun sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó di October 1973 tí àwọn Lárúbáwá dáwọ́ epo dúró, tí ìlà epo gùn, tí ọmọ sì ti dé, ó ta á. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n wà á lọ, inú ilé lòun wà, òun ò jáde.

Ó lọ gbé àgolo bisikíìtì wá. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ lọ́jọ́ tó rà á wà nínú rẹ̀, SS wà lórí rẹ̀ gbangba. Irin kékeré tí Chevrolet ń fún oníbàárà nígbà yẹn, Protect-O-Plate, wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Ìwé iṣẹ́ tí dílà kọ nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà CE yẹn gan-an.

Mo pe ará Texas, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: SS ni, ẹ̀rí rèé, ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ti àkọ́kọ́, ẹ̀rí rèé. Ó yọ 11,000 dọ́là nínú owó tó fẹ́ san. Ìyàwó mi ní ṣé ẹni tó bá dákẹ́ ní ẹnu rẹ̀ ń rà ni. Mo ní mi ò lè ta ọkọ̀ fún ènìyàn kí n máa sá fún fóònù rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọmọbìnrin bàbá náà fi pè mí, ní bòókẹ́lẹ́. Ó fẹ́ rà á padà fún bàbá rẹ̀. Owó tirẹ̀ kéré sí ti ará Texas, kódà lẹ́yìn 11,000 yẹn. Mo ṣírò ohun tí mo ná: owó ọkọ̀, ọ̀dà, táyà, ìrìn àjò. Owó rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀, ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Mo gbà. Kí ẹ má pè mí ní ẹni mímọ́ o, mi ò pàdánù. Mi ò kàn jèrè bí mo ṣe rò ni.

Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá gbé e. Ọmọ ti háyà ọkọ̀ agbọ́kọ̀ tí yóò gbé e lọ. Bàbá ní irọ́ ni, òun ló wà á wá sílé ní 1970, òun náà ni yóò wà á wá sílé báyìí. Àná tí mo bá wọn sọ̀rọ̀, wọn ò tíì parí ìjà náà. Mo ti kún táńkì.