Ọmọ Tí Kò Tètè Sọ̀rọ̀, Ọmọ Gbogbo Wa Ni



Ọ̀kan nínú wa bí ọmọkùnrin kan. Ó pé ọdún 3, kò sọ̀rọ̀. Bí a bá pè é, kì í wẹ̀yìn. Bí ariwo ọjà bá pọ̀, á di etí, á máa sunkún. Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tó ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni. Ìyá ẹ̀ náwó nínáàná kí dókítà tó sọ pé ọ́tísìm ni.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà ìyá. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Oògùn kì í wò ó, ṣùgbọ́n bí a bá tètè ń kọ́ ọmọ náà, ó máa ń ràn án lọ́wọ́.

Ìṣòro àwa tí a ò gbé Èkó nìyí: láti Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ dé Aró l'Abẹ́òkúta, owó mọ́tò ni, ìsọ̀ títì ni. Ibẹ̀ ni ìyá ti ń jẹ gbèsè.

Nítorí náà, a bẹ ìgbìmọ̀ wa: ẹ jẹ́ kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ rí owó yá, bí ẹni tó fẹ́ rajà. Kí aládùúgbò bá a tajà lọ́jọ́ tó bá lọ. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ bá pé ọdún 2 tí kò sọ̀rọ̀, kó gbé e lọ sí OOUTH ní Ṣàgámù níbí. Kó má dúró.

Ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí. Ajé á wọ ìsọ̀ wa o.